Àwo orin rọ́ọ̀kì tí bàbá mi fi sílẹ̀: èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn?

ỌmọMọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Bàbá mi papò dà lọ́dún tó kọjá. Màmá wa fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, la bá ń tú yàrá bàbá. Ibẹ̀ la ti rí àwọn àpótí tó kún fún àwo orin. Obey àti Sunny Ade ni mo rò pé màá bá níbẹ̀, torí àwọn ni mo mọ̀ mọ́ bàbá. Rọ́ọ̀kì ló kún inú wọn: Deep Purple, Led Zeppelin, Santana, Pink Floyd, Rolling Stones, Osibisa. Àwọn tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí náà wà níbẹ̀: BLO, MonoMono, Ofege. Ọ̀kan ń jẹ́ Wings. Mo ní ti Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn Beatles tẹ́lẹ̀, ni, àfi bí mo ṣe rí i pé èèyàn dúdú ni gbogbo àwọn tó wà lára páálí rẹ̀.

Ìṣòro mi nìyí. Nǹkan funfun ti hù sára àwọn kan, ọ̀rinrin sì ti mú páálí wọn. Àwọn mìíràn ti wọ́, wọn ò tẹ́jú mọ́. Ọkùnrin kan tó ń ra àwo kiri ti wá sílé, ó ní òun máa kó gbogbo rẹ̀ lówó kan, kí á fún òun lésì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á. Èmi fẹ́ mọ ohun tí bàbá mi ń gbọ́ kí wọ́n tó bí mi. Mo ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, irú èyí tó ṣe é pa dé kí èèyàn gbé e lọ́wọ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé lé e? Kí ni kí n fi nù wọ́n? Ṣé ká tà á ni?

Oníṣẹ́Ẹ̀rọ
Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹ má gbé àwo bàbá yín lé ẹ̀rọ yẹn. Tọ́ńtébù gidi, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, máa ń fi bíi gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀ tẹ ojú àwo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe é pa dé yẹn ń tẹ̀ ẹ́ ní gíráàmù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ibi tí ẹ lè yí láti dín in kù. Tí àwo bá tún wá dọ̀tí, abẹ́rẹ́ á máa fi eruku yẹn ha ipa orin. Ohun tó bá ha, kò ní padà.

Ẹ wò ó bóyá tọ́ńtébù bàbá ṣì wà nínú ilé. Tó bá wà, abẹ́rẹ́ tuntun àti okùn rọ́bà tó ń yí i lè jẹ́ gbogbo ohun tó nílò.

ÀgbàGìtá
Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Má ta ohunkóhun lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń kánjú mú àwo lọ́wọ́ ẹni ti rí èyí tó fẹ́ nínú àpótí yẹn.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, Èkó kún fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ta gìtá. Highlife ti ń rẹlẹ̀ nílùú, Fela ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ohùn tuntun dé, àwa ọmọ ilé-ìwé sì ń du àwo Hendrix àti Cream, àwọn onírọ́ọ̀kì òkè òkun, mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní àwo tuntun, ilé rẹ̀ la ó kó sí lópin ọ̀sẹ̀. Ginger Baker, onílù Cream fúnra rẹ̀, wa Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà ní 1971. Ó bá Fela lu ìlù nínú àwo tí wọ́n jọ gbé jáde lọ́dún yẹn, ó sì kọ́ sítúdíò kan tó ń jẹ́ Batakota sí Ìkẹjà, tó ṣí ní 1973.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ BLO ti wọlé. Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akins ló ń lu ìlù, Mike Odumosu ló ń ta béèsì. Kó ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Berkley, Laolu àti Odumosu jọ, o ti rí ibi tí orúkọ wọn ti wá. Berkley àti Laolu ti wà nínú báǹdì The Clusters láyé 1960, níbi tí wọ́n ti ń kọ orin Beatles débi tí aráàlú fi ń pè wọ́n ní Beatles ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà wọ́n bá Ginger Baker ṣe báǹdì kan tó ń jẹ́ Salt, pẹ̀lú Joni Haastrup àti àwọn ìbejì Lijadu. Nígbà tí Salt túká, àwọn mẹ́ta yìí dá dúró, EMI, iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, sì gbé àwo wọn Chapter One jáde ní 1973. Èèyàn mẹ́ta péré, àmọ́ ohùn wọn kún yàrá. Ojú kìn-ín-ní ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, "Preacher Man". Tó bá kan "Chant to Mother Earth", pa iná, kí o jókòó jẹ́ẹ́. Gìtá Berkley níbẹ̀ kò kánjú rárá, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Èyí ni kí o kọ́kọ́ gbọ́ kó tó di ti àwọn òyìnbó.

Tòkunbọ̀SE15
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò fara mọ́ ibi tí ẹ ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Santana ni kí àbúrò wa kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Ẹ wo bóyá àwo Santana àkọ́kọ́, ti 1969, wà nínú àpótí. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Jingo". Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ló ni orin yẹn. Ó wà nínú Drums of Passion tí Columbia gbé jáde fún un ní Amẹ́ríkà ní 1960, "Jin-Go-Lo-Ba" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn Santana, ọmọ San Francisco, fi ọ́gàànù àti gìtá iná sí i, wọ́n sì fi gbá ayé mú. Ìyẹn ni pé kí Ginger Baker tó gba aṣálẹ̀, ìlù tiwa ti wà nínú rọ́ọ̀kì. Ní March 1971 Santana tilẹ̀ wá sí Accra, wọ́n ṣeré ní Black Star Square nígbà àríyá Soul to Soul.

Osibisa ni kó tẹ̀ lé e. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1969. Teddy Osei, Sol Amarfio àti Mac Tontoh wá láti Gánà, àwọn ọmọ erékùṣù Káríbíánì wà níbẹ̀, Lasisi Amao tó ń fọn fèrè sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wo páálí àwo wọn àkọ́kọ́, ti 1971, dáadáa: erin tó ní ìyẹ́. Roger Dean ló yà á, òun náà ló wá ya ọ̀pọ̀ páálí báǹdì Yes. Tí páálí yẹn bá ṣì mọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Àdùkẹ́Òkèìrá
Àbúrò, ẹ kú ìrọ́jú. Lórí fífọ̀, omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ ìfọbọ́ ni mo fi ń fọ tèmi, mo ń fi fóòmù rírọ̀ nù ún yípo, mo sì ń gbé e sójú oòrùn kó gbẹ. Èyí tó bá wọ́, mo máa ń fi gíláàsì méjì há a láàárín, màá tún gbé e sójú oòrùn díẹ̀. Ó máa ń tẹ́.

Oníṣẹ́Ẹ̀rọ
Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé e sójú oòrùn. Àwo fáínììlì kì í fẹ́ ooru. Kó tó pé ìwọ̀n 60 lórí Celsius, ó ti ń rọ̀. Ojú oòrùn ọ̀sán nílẹ̀ wa, abẹ́ gíláàsì, kò jìnnà sí ìyẹn. Ó lè tẹ́ lójú, kí ipa orin ti yí nínú. Gíláàsì méjì yẹn dára, àmọ́ inú yàrá ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ to ìwé wúwo lé e lórí, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó máa ń pẹ́. Ẹ má kánjú sí i.

Ní ti omi: omi ẹ̀rọ wa àti omi kànga ní àwọn nǹkan tó máa ń gbẹ sínú ipa orin. Omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀ ló dára, ìyẹn omi dísítíìlì. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé omi lásán ni, kì í ṣe ásíìdì, nítorí àwọn oníbátìrì ń ta méjèèjì. Ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ olómi díẹ̀ sí i. Fún àwọn tí nǹkan funfun ti hù sí, ẹ fi isopropyl (ọtí tí wọ́n fi ń fọ nǹkan, kì í ṣe ti mímu) díẹ̀ kún un, ẹ lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn tàbí àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ má fi sípírítì aláwọ̀ àlùkò rọ́pò rẹ̀, àwọ̀ inú rẹ̀ á gbẹ síbẹ̀. Aṣọ microfibre ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ máa tẹ̀ lé ipa orin lọ yípo, ẹ má ṣe nù ún lábùú. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi dísítíìlì lásán ṣàn án, kí ẹ gbé e dúró nínú yàrá kó gbẹ.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì: tí ẹ bá rí àwo tó wúwo, tó le, tó ń fọ́ bí awo oúnjẹ, èyí tí wọ́n kọ 78 sí, ẹ má kan isopropyl mọ́ ọn rárá. Shellac, irú oje líle kan, ni wọ́n fi ṣe é, ọtí bí isopropyl ń tú u. Ọ̀pọ̀ àwo àgbà láti ìgbà sákárà àti highlife àkọ́kọ́ ló rí báyẹn.

BàbáRáìsì
Mo ń ra àwo, mo ń ta àwo, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ÀgbàGìtá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe gbogbo wa ló ń rẹ́ni jẹ. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ pé kí ó má kánjú. Ẹni tó bá ní òun máa kó gbogbo rẹ̀ lówó kan kò fẹ́ kí ẹ mọ èyí tó níye lórí.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ má fi òkìkí orúkọ díwọ̀n iye. Pink Floyd tẹ The Dark Side of the Moon jáde ní March 1973, ó sì ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ. Àwo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣọ̀wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọkùnrin yẹn ń wá. BLO ló ń wá, Ofege ló ń wá, MonoMono ló ń wá, pàápàá tí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà náà gan-an, tí páálí rẹ̀ kò ya. Ẹ fi fìtílà wo ibi tó ń dán láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà àárín: ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi nǹkan gbẹ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òun la fi ń mọ irú ìtẹ̀jáde tó jẹ́.

Páálí ni ìdajì iye àwo. Tí bàbá bá kọ orúkọ sí i lára, àwọn oníbàárà kan ń dín owó sí i. Èmi kì í dín in.

ÀgbàGìtá
@BàbáRáìsì, o ṣeun. Tí gbogbo oníṣòwò bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, n kò ní bá wọn jà.

@Tòkunbọ̀SE15, n kò jiyàn lórí Olatunji. Àmọ́ ọmọ náà ń béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ ń gbọ́. Bàbá tó bá ra BLO, MonoMono àti Ofege pọ̀, àárín ìlú ló ti ń lọ síbi eré. Ohun tó gbọ́ lórí ìtàgé ló wá rà lọ sílé. Ìdí tí mo fi ní kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn BLO, gbé Give the Beggar a Chance ti MonoMono síbẹ̀, 1972. Joni Haastrup ló ń kọrin tó sì ń tẹ ọ́gàànù, Ken Okulolo ló ń ta béèsì, ẹni tó wá bá Sunny Ade ṣiṣẹ́ nígbà tó yá. Orin Yorùbá wà nínú rẹ̀, "Eje A Mura Sise" ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ orin rọ́ọ̀kì lédè wa láìbẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dawn of Awareness, 1974, tún jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ létí tèmi.

Ọmọ_Aríáríà
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Wings, torí Aba ni mo dàgbà sí, bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe o. Wings méjì ló wà. Ti ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ nígbà ogun, báǹdì àwọn ọmọ ogun òfúrufú Biafra ni, BAF Wings ni orúkọ wọn nígbà náà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n yọ BAF kúrò, wọ́n di Wings, Aba sì di ilé wọn. Spud Nathan ni olórin wọn, ọ̀dọ́ ni, ohùn rẹ̀ dùn. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 1974. Gbogbo Ìlà Oòrùn ló sunkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà báǹdì pín sí méjì, Original Wings àti Super Wings. Ẹ wo èyí tí wọ́n kọ sára páálí yín.

Bí bàbá yín tó wà n'Íbàdàn ṣe ní àwo Aba nílé, inú mi dùn sí ìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn rọ́ọ̀kì bíi pé Èkó nìkan ni. The Funkees náà, Ìlà Oòrùn ni wọ́n ti ṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Láńre_Houston
Ẹ má gbàgbé Wings ti òyìnbó náà! Ilé wa ní Èkó ni McCartney ti ṣe Band on the Run, gbogbo rẹ̀ pátá, ní 1973. Fela ló lé e kúrò nílùú nígbà tó gbọ́ pé ó wá jí orin wa.

Tòkunbọ̀SE15
@Láńre_Houston, ìdajì rẹ̀ tọ̀nà. Ọdún 1973 ni lóòótọ́, August sí September, ní sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú, Henry McCullough onígìtá àti Denny Seiwell onílù fi báǹdì sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Paul, Linda àti Denny Laine nìkan ló dé, pẹ̀lú Geoff Emerick tó ń gba ohùn sílẹ̀. Paul fúnra rẹ̀ ló lu ìlù. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti Linda dúró lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gba téèpù tó fi ṣe ìgbìdánwò àwọn orin yẹn lọ. Ó ní láti ti orí kọ wọ́n.

Ní ti Fela, kò lé e. Paul lọ sí ibi eré Fela, òun náà sọ lẹ́yìn náà pé orin yẹn mú òun sunkún, torí pé ó dára. Fela wá bá a ní sítúdíò pé ó fẹ́ jí orin àwọn ọmọ Áfíríkà. Paul gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́, Fela rí i pé kò sí tiwọn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ìyókù iṣẹ́ náà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti parí rẹ̀, Tony Visconti ló sì kọ ti àwọn onífayolíìnì. Visconti yìí kan náà ni olóòtú àwo Osibisa méjì àkọ́kọ́. December 1973 ni àwo náà jáde.

ÀgbàGìtá
Ẹ fi kún un pé Ginger Baker rò pé sítúdíò òun ní Ìkẹjà ni wọ́n á lò. Wọ́n lọ síbẹ̀ fún "Picasso's Last Words", Baker alára sì mi agolo tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ó wà níbẹ̀.

ỌmọGregs
Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ Ofege, ó ń dùn mí! Ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's, Ọ̀báléńdé, ni wọ́n, wọn ò tíì jáde níwèé mẹ́wàá nígbà tí EMI gbé Try and Love jáde fún wọn ní 1973. Odion Iruoje ló rí wọn, òun ni olóòtú. Nígbà tí èmi dé ilé-ìwé yẹn, wọ́n ti lọ, àmọ́ orúkọ wọn kò lọ. Kò sí ọmọ tó gbé gìtá nínú ọgbà yẹn tí kì í ta "Nobody Fails".

Àwọn àgbà olórin máa ń ní ohùn wọn kò tíì gbó. Kò gbó lóòótọ́. Melvin Ukachi ń kọrin bí ọ̀dọ́ tó nífẹ̀ẹ́ ẹnìkan tó sì ń bẹ̀rù láti sọ, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn lọ́jọ́ orí yẹn. Gbọ́ "Gbe Mi Lo", kí o gbọ́ "It's Not Easy". Ẹ̀gbọ́n ÀgbàGìtá ní BLO, ẹ̀gbọ́n Tòkunbọ̀ ní Santana. Èmi ní kí ọmọ tó ń wá bàbá rẹ̀ ní ìgbà èwe fi àwo tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́Òkèìrá
Oníṣẹ́Ẹ̀rọ, mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. Ti oòrùn yẹn dópin lónìí.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ rọ́ọ̀kì. Àwa obìnrin náà wà níbẹ̀. Taiwo àti Kehinde Lijadu, ẹ kàn pè wọ́n kọjá lọ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó bá Ginger Baker kọrin. Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n bá Salt dé Munich ní 1972 nígbà Òlíḿpíìkì, wọ́n sì padà wá ṣe tiwọn: Danger, 1976, lábẹ́ iléeṣẹ́ Afrodisia. Biddy Wright ló ta gìtá àti ọ́gàànù níbẹ̀. Gìtá yẹn ń họ̀ṣẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì sì ń fi ohùn kan ṣoṣo kìlọ̀ fún ọ̀tá. Tí Danger bá wà nínú àpótí yẹn, àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ. Tí kò bá sí, wá a rà. Kehinde ti lọ ní 2019, a kò ní rí irú wọn mọ́.

ỌmọMọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti dá ọkùnrin yẹn lóhùn pé a ò tíì ṣe tán. Danger wà níbẹ̀! Tọ́ńtébù bàbá náà wà, lókè àjà, mo ti gbé e lọ fún atẹ́rọ̀ṣe.

Ìbéèrè mìíràn: páálí Rolling Stones kan ní síìpù gidi lára ṣòkòtò tó wà lójú rẹ̀. Àwo tó wà nínú rẹ̀ ní ojú tó tẹ̀ wọlé níbì kan. Ṣé síìpù ló ṣe é? Nínú Dark Side mo tún rí àwòrán ńlá tí wọ́n ká, àti bébà alẹ̀mọ́ tí wọn ò tíì lẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá?

BàbáRáìsì
Sticky Fingers nìyẹn, 1971. Síìpù ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá to àwo léra wọn, irin síìpù á tẹ èyí tó wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń gbé e jáde náà rí i, ni wọ́n bá fa síìpù wálẹ̀ dé àárín kí ó lè kan bébà láàárín dípò ibi tí orin wà. Ẹ fa tiyín wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìparí, kó má fara kan àwo mìíràn.

Àwòrán àti bébà alẹ̀mọ́ yẹn, inú Dark Side ni wọ́n ti wá lóòótọ́. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan o! Èyí tó ní wọn pé nínú gbówó lórí ju èyí tí wọ́n ti sọ nù lọ.

Láńre_Houston
Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tí a ń ṣe wàhálà tó báyìí? Gbogbo orin yìí ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kí ó ta àwọn àwo, kí màmá rí owó ná.

Tòkunbọ̀SE15
Láńre, ìdí wà. Ọ̀pọ̀ téèpù tí wọ́n fi gba orin wọ̀nyí sílẹ̀ nílẹ̀ wa kò sí mọ́. Àwọn tó ń ṣe àtúntẹ̀ lókè òkun sábà máa ń wá àwo tó mọ́ jù lọ kiri, wọ́n á sì ti ara rẹ̀ gba ohùn. Ohun tí o ń gbọ́ lórí fóònù rẹ lè jẹ́ àwo ẹnìkan bí ti bàbá ọmọ yìí. Tí gbogbo wa bá tà á tán, ibo ni wọ́n á ti tún rí i?

Mo mọ̀ pé màmá nílò owó, n kò sì ní sọ pé kí ebi pa wọ́n nítorí àwo. Wọ́n lè ta Led Zeppelin, wọ́n lè ta Machine Head ti Deep Purple, ó wà káàkiri ayé. Kí ti ilẹ̀ wa dúró.

ÀgbàGìtá
Tòkunbọ̀, má ta Machine Head fún wọn báyẹn! Àwo yẹn ni ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ gìtá. Montreux, ní Swítsálándì, ni wọ́n ti lọ gbà á sílẹ̀ ní December 1971. Ilé kasíno tí wọ́n fẹ́ lò jóná nígbà tí Frank Zappa, olórin Amẹ́ríkà kan, ń ṣeré níbẹ̀, wọ́n rí èéfín rẹ̀ lórí adágún, wọ́n sì fi ìyẹn kọ "Smoke on the Water". Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan gìtá ní Èkó lẹ́yìn tí àwo náà jáde, ìró mẹ́rin àkọ́kọ́ orin yẹn ló máa kọ́kọ́ wá. Tí bàbá rẹ bá ta gìtá rí, ọmọ mi, á jẹ́ pé ó ta á.

Èyí tó bá jẹ́ ìtẹ̀jáde Nàìjíríà lára àwọn àwo òyìnbó náà, tọ́jú rẹ̀. Wọ́n tẹ àwọn kan níbí. Wo ẹ̀yìn páálí.

Oníṣẹ́Ẹ̀rọ
Ẹ̀yin méjèèjì tọ̀nà níbì kan. Kí ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ gba ohùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ná. Nígbà tí tọ́ńtébù bá ti dé, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Tọ́ńtébù àgbà kì í ní agbára tó láti wọ kọ̀ǹpútà tààrà, ó nílò phono preamp, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, láàárín. Ẹ bi atẹ́rọ̀ṣe yín bóyá ó wà nínú rẹ̀. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé nínú ohùn, 24-bit. Ẹ má fi MP3 ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: ó máa ń gé nínú ohùn, ẹ ò sì ní rí èyí tó gé padà. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n lórí WhatsApp, ẹ lè ti ara WAV ṣe MP3 nígbà náà.

Ẹ má kánjú fi Audacity pa ariwo tó ń ta pàrà-pàrà rẹ́. Ó máa ń mú ìró símbálì, ìyẹn páànù tí onílù ń lù, lọ pẹ̀lú rẹ̀, orin Laolu Akins kò sì yẹ kí ó sọ símbálì nù. Ẹ fi àkọ́gbà sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ ṣe àtúnṣe lórí ẹ̀dà.

Àwọn tó wọ́ díẹ̀, ẹ gbìyànjú wọn kí ẹ tó fi gíláàsì há wọn. Tí abẹ́rẹ́ kò bá fò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ to gbogbo àwo ní ìnàró, ẹ má dùbúlẹ̀ wọn léra, ẹ má sì tò wọ́n mọ́ ara ògiri tó ń mu omi, torí ibẹ̀ ni nǹkan funfun yẹn ti wá. Ẹ sọ bébà inú tó ti bu nù, kí ẹ ra tuntun, kí ẹ tó dá àwo tí ẹ ti fọ̀ padà. Tí ẹ bá dá a padà sínú bébà àtijọ́, fífọ̀ yẹn já sí asán.

Kí ẹ sì ya fọ́tò páálí kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà tí BàbáRáìsì sọ. Orúkọ fáìlì: orúkọ báǹdì, àkọlé àwo, ọdún, ojú kìn-ín-ní tàbí ojú kejì. Tí ẹ bá ti gba Chapter One sílẹ̀, ẹ gbé ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀ síbí kí n gbọ́ bóyá abẹ́rẹ́ tuntun yẹn jókòó dáadáa.